Bí Ọ̀nà Ìtọ̀ Bá Là, Ẹ Má Tíì Di Ẹrù

Ẹni tí ó bá ti dé ìlú Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun rí yóò ti gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu ọ̀dọ́ àti àgbà níbẹ̀, kò sì ní pẹ́ kí ó tó mọ ìdí rẹ̀. Ó ti pẹ́, kí orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire tó gba òmìnira ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1960, tí àwọn ọmọ Èjìgbò àti ti àwọn ìlú Yorùbá mìíràn ti ń lọ ṣòwò ní Abidjan. Àwọn onílé ń pè wọ́n ní Anango. Wọ́n wà ní Treichville, wọ́n wà ní Adjamé. Wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, wọ́n ti bímọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti darúgbó síbẹ̀. Ọkọ̀ ńlá ń gbé wọn lọ, ó sì ń gbé wọn bọ̀, láti etí ọ̀sà Ébrié, gba ilẹ̀ Gánà, Tógò àti Benin kọjá, títí dé ilẹ̀ wa.

Lára àwọn tí ọkọ̀ wọ̀nyí ń gbé bọ̀ ni àwọn aláìsàn wà. Nígbà tí ara àgbàlagbà kò bá yá ní òkèèrè, ọkàn àwọn ènìyàn wa a máa fà sí ilé. A kò ní bá ẹnikẹ́ni wí nítorí èyí, nítorí pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí ó bá jọ pé ó ti tán gan-an ni ọjọ́ tí kò yẹ kí a gbé aláìsàn rìn. Àìsàn náà ni dídí ọ̀nà ìtọ̀. Ohun tí a sì fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ nípa rẹ̀ lónìí ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí kíndìnrín lẹ́yìn tí ọ̀nà náà bá là.

BÀBÁ TÍ KÒ LÈ TỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo bàbá oníṣòwò kan ní Treichville, ẹni tí ó ti lé ní ọdún 65. Ó ti tó ọdún méjì tí ó ti ń dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru láti tọ̀, tí ó ń dúró pẹ́ kí ìtọ̀ tó jáde, tí ìtọ̀ náà kì í sì í yọ dáadáa mọ́, bí kò ṣe pé ó ń kán tó, tó, tó. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ogbó ni. Ó ń ra àgbo mu, ó sì ń dín omi mímu kù kí ó má baà máa dìde lóru. Nígbà tí ó yá, ìtọ̀ dí pátápátá. Ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ wú, ó le bí agbè; ó ń làágùn, ó ń kérora. Àwọn ọmọ rẹ̀ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, èyí tí wọ́n ń pè ní sonde ní Abidjan, bọ ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀. Ìtọ̀ tú jáde, ó lé ní lítà kan. Lójú ẹsẹ̀, ara tu bàbá. Ó mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní òun fẹ́ jẹun. Àwọn ọmọ yọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní ọkọ̀ Èjìgbò yóò gbéra ní òwúrọ̀ ọ̀la, ó sàn kí bàbá bá a lọ kí ó lọ sinmi nílé. Dókítà ní rárá, bàbá kò tíì lè lọ. “Kí ni ó tún kù?” ni àwọn ọmọ ń bi ara wọn. “Ṣebí ìtọ̀ ti là?”

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè òpè. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe kò lè mọ ohun tí ó kù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà.

ASẸ́ TÍ KÌ Í SINMI

Kíndìnrín méjì ni ó wà lára ènìyàn, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, lábẹ́ egungun ìhà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tóbi ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ. Síbẹ̀, ó tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí ó ń gba inú wọn kọjá. Nínú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, asẹ́ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan.

Gbogbo wa ni a ti rí ìyá tí ń sẹ́ ògì rí. Yóò ta aṣọ sẹ́nu ìkòkò, yóò da àgbàdo lílọ̀ sí i, yóò bu omi lé e. Omi ògì yóò ro sísàlẹ̀, èèrí yóò kù sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni asẹ́ kíndìnrín ń ṣe. Ohun tí ó tóbi nínú ẹ̀jẹ̀ yóò dúró sínú ẹ̀jẹ̀; omi, iyọ̀ àti ìdọ̀tí ara yóò ro kọjá. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, omi tí ó ń ro kọjá báyìí tó 180 lítà. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń jáde gẹ́gẹ́ bí ìtọ̀, kò sí ẹni tí yóò rí ọjọ́ kejì, nítorí pé gbogbo omi tí ó wà lára ọkùnrin tí ó wọ̀n ní 70 kílógíráàmù kò ju nǹkan bí 42 lítà lọ. Ohun tí ó gbà wá ni pé páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn asẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ó ń fa omi àti iyọ̀ tí ara ṣì nílò padà sínú ẹ̀jẹ̀. Nínú 100 lítà tí ó bá ro, nǹkan bí 99 ni ó ń padà. Ìwọ̀nba tí ó kù, tí ó jẹ́ lítà kan sí méjì lójúmọ́, ni ìtọ̀ tí à ń tọ̀.

Ẹ kíyèsí i pé iṣẹ́ méjì ni èyí: sísẹ́ àti fífà padà. Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀yà tí ń ṣe ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ń ṣe èkejì. Bí a bá fi èyí sọ́kàn, ìyókù ọ̀rọ̀ wa yóò rọrùn láti mọ̀.

NÍGBÀ TÍ Ọ̀NÀ BÁ DÍ

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan ni ó lè dí ọ̀nà ìtọ̀. Lára ọkùnrin tí ó ti dàgbà, pírósítéètì ni a kọ́kọ́ ń fura sí. Ẹ̀yà ara kékeré ni, tí ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká ní ìsàlẹ̀ ọrùn àpò ìtọ̀. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, ó máa ń wú, ó sì máa ń fún ọ̀nà náà mọ́. Ó tó ìdajì àwọn ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 51 sí 60 tí wọ́n ń ní wíwú yìí. Kò túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé jẹjẹrẹ náà lè mú ibẹ̀. Àpá tí àtọ̀sí bá fi sílẹ̀ lè sọ ojú ọ̀nà ìtọ̀ di tóóró. Òkúta lè há sí ọ̀nà. Àtọ̀sí ajá, tí aràn inú omi odò ń fà, lè ba àpò ìtọ̀ àti ọ̀nà tí ó wọ inú rẹ̀ jẹ́. Kí àwọn ìyá wa má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan ni èyí: jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ lè tàn ká títí yóò fi fún ọ̀nà ìtọ̀ kíndìnrín méjèèjì pa.

Bí ọ̀nà bá dí nísàlẹ̀, omi yóò dá padà sókè. Bí ìyá bá ń sẹ́ ògì tí ìkòkò ìsàlẹ̀ sì kún dé ara aṣọ, omi kò ní ro mọ́, bí ó ti wù kí ó bu omi lé e tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìtọ̀ tí ó dúró ṣe ń ti asẹ́ kíndìnrín padà. Ní wákàtí kan sí méjì àkọ́kọ́, kíndìnrín yóò gbìyànjú láti jà: iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ṣí sí i, kí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lè wọlé láti fi agbára ti omi kọjá. Ṣùgbọ́n bí ìdènà kò bá kúrò, iṣan wọ̀nyí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì, ẹ̀jẹ̀ tí ń wọlé yóò dín kù, sísẹ́ yóò sì lọ sílẹ̀. Ìdọ̀tí tí ó yẹ kí ó bá ìtọ̀ jáde, èyí tí yúríà jẹ́ olórí rẹ̀, yóò kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Iyọ̀ àti omi yóò kó jọ, ẹsẹ̀ lè wú. Èròjà tí à ń pè ní pòtásíọ̀mù lè pọ̀ dé ibi tí yóò fi dá ọkàn dúró.

Bí ó bá jẹ́ kíndìnrín kan ṣoṣo ni ọ̀nà rẹ̀ dí, èkejì yóò máa ṣiṣẹ́ fún méjèèjì, ẹni náà sì lè má mọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí ìdènà bá wà ní ẹnu àpò ìtọ̀, gẹ́gẹ́ bí ti bàbá wa yìí, méjèèjì ni ó dè mọ́lẹ̀ pọ̀. Kò sì di dandan kí ó dunni. Ìdènà tí ó bá rọra wá lè máà fa ìrora kankan. Àpò ìtọ̀ yóò máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìtọ̀ yóò sì máa kún àkúnwọ́sílẹ̀, tí yóò máa kán sára aṣọ. Ẹbí yóò ní bàbá ń tọ̀ sára, wọn kò ní mọ̀ pé àpò tí ó kún ni ó ń dà sílẹ̀.

ÌKÚN OMI LẸ́YÌN ÌDÈNÀ

Nísinsìnyí, rọ́bà ti wọlé, ọ̀nà ti là. Ìtọ̀ tí ó kọ́kọ́ tú jáde ti wà nínú àpò tẹ́lẹ̀. Èyí tí ó tẹ̀lé e ni ó yẹ kí a máa ṣọ́. Lára àwọn aláìsàn kan, kì í ṣe gbogbo wọn, kíndìnrín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í da ìtọ̀ jáde bí odò tí ó ya bèbè. Ní ọdún 1957, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, Neal Bricker, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa irú àwọn aláìsàn báyìí, wọ́n sì fi hàn pé kì í ṣe omi àpọ̀jù nìkan ni ó ń jáde lára wọn: iṣẹ́ kíndìnrín fúnra rẹ̀ ni ó ti yí padà nítorí ìdènà tí ó jẹ.

Ìdí méjì ni ó ń fa dídà yìí, ó sì ṣe pàtàkì kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí kìíní dára. Ara ti kó omi, iyọ̀ àti yúríà jọ fún ọjọ́ pípẹ́. Bí ọ̀nà ti là, ó ń san gbèsè. Yúríà tí ó pọ̀ a máa fa omi mọ́ra jáde, gẹ́gẹ́ bí ṣúgà ṣe ń fa omi jáde lára ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ. Dídà irú èyí a máa dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín wákàtí 24, nígbà tí àpọ̀jù bá ti tán.

Ìdí kejì ni ó léwu. A ti sọ pé iṣẹ́ méjì ni kíndìnrín ń ṣe. Ìdènà a máa ba méjèèjì jẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà bá là, wọn kì í sábà bọ̀ sípò lọ́jọ́ kan náà. Sísẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ padà nígbà tí fífà padà ṣì ń ṣàìsàn: asẹ́ ń da omi sílẹ̀, páìpù kò sì lè fà á padà. Ìmọ̀ òde òní ti jẹ́ kí a rí ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀. Nínú ògiri páìpù wọ̀nyí ni àwọn ilẹ̀kùn tí ó kéré jọjọ wà, tí omi ń gbà kọjá. Peter Agre, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣàwárí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2003 nítorí iṣẹ́ náà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ dí ọ̀nà ìtọ̀ èkúté fún wákàtí 24 péré, wọ́n rí i pé ilẹ̀kùn wọ̀nyí ti dín kù gidigidi. Bí ọpọlọ bá tilẹ̀ ránṣẹ́ sí kíndìnrín pé kí ó dá omi dúró, kíndìnrín kò ní lè jẹ́ iṣẹ́ náà. Iyọ̀ àti pòtásíọ̀mù yóò sì máa bá omi lọ.

Irú dídà kejì yìí lè kọjá wákàtí 48. Aláìsàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lánàá lè gbẹ lónìí. Ẹnu rẹ̀ yóò gbẹ, ojú rẹ̀ yóò jìn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, òòyì yóò máa kọ́ ọ bí ó bá dìde. Bí kò bá sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ, gbígbẹ yìí lè pa á, nígbà tí àwọn ẹbí ṣì ń dúpẹ́ pé ìtọ̀ là.

ABỌ́ ÌWỌ̀N ÀTI ÌWÉ

Báwo ni a ṣe lè mọ èyí tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí ó léwu? Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n, wíwọ̀n ni. Ohun tí dókítà fi ní kí bàbá dúró nìyẹn. Nọ́ọ̀sì yóò máa wọn ìtọ̀ ní wákàtí wákàtí, yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ju 200 mílílítà lọ fún wákàtí méjì léra, tàbí tí ó bá ju lítà 3 lọ ní wákàtí 24, ìkìlọ̀ dé. Wọn yóò máa gbé aláìsàn sórí ìwọ̀n lójoojúmọ́, nítorí pé lítà omi kan tí ó bá jáde lára jẹ́ kílógíráàmù kan tí yóò dín lórí ìwọ̀n. Wọn yóò wọn ìfúnpá rẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró. Wọn yóò sì máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, láti mọ ibi tí yúríà, iyọ̀ àti pòtásíọ̀mù dé.

Bí a bá yọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kúrò, kò sí ohun tí owó rẹ̀ ga nínú gbogbo èyí. Abọ́ tí a kọ nọ́ńbà sí lára ni, ìwọ̀n ni, ìwé àti bírò ni, àti nọ́ọ̀sì tí kò sùn. A máa ń ṣọ̀fọ̀ nígbà púpọ̀ pé àwọn orílẹ̀-èdè wa kò ní ẹ̀rọ olówó iyebíye tó, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni abọ́ ìwọ̀n lè gbà là kí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó dé.

Nípa omi mímu, àṣìṣe méjì ni ẹbí lè ṣe. Èkíní ni kí wọ́n fi omi du bàbá, kí wọ́n rò pé bí kò bá mu, kò ní tọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kíndìnrín tí kò lè dá omi dúró yóò máa dà á nìṣó, inú ẹ̀jẹ̀ ni yóò sì ti máa mú un. Èkejì ni kí wọ́n máa rọ omi fún un ní túláàsì, tàbí kí wọ́n máa bẹ dókítà pé kí ó fi dírípù kún dírípù, kí iye tí ó wọlé lè bá iye tí ó jáde dọ́gba. Èyí náà kò dára. Bí a bá ń dá gbogbo rẹ̀ padà, àwa gan-an ni yóò máa bọ́ ìkún omi náà, kò sì ní dáwọ́ dúró. Ọ̀nà àárín ni àwọn oníṣègùn ń gbà. Aláìsàn tí ojú rẹ̀ dá, tí ó sì lè mu, yóò máa mu bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ ẹ́. Ẹni tí kò lè mu tó, tàbí tí ìfúnpá rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ni wọn yóò fi omi iyọ̀ sí lára. Ó sì sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdajì iye tí ó tọ̀ jáde, títí kíndìnrín yóò fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. Ní ìgbà kan, wọ́n ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n máa tú àpò ìtọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa dí rọ́bà kí wọ́n sì tún máa ṣí i, nítorí ìbẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ lè jáde tàbí kí ìfúnpá já wálẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n fi ọ̀nà méjèèjì wé ara ti fi hàn pé títú díẹ̀díẹ̀ kò ṣàǹfààní ju títú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹbí má ṣe bá a jà.

ÈWO NI YÓÒ PADÀ?

Ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn gbogbo ọmọ ni pé: ṣé kíndìnrín bàbá yóò padà sí bí ó ti wà? Iye ọjọ́ tí ọ̀nà fi dí, bí ó ṣe dí tó, àti bóyá àrùn wọ inú ìtọ̀ tí ó dúró, ni yóò dáhùn rẹ̀. Ní ọdún 1971, àwọn oníṣègùn méjì ní Amẹ́ríkà, Vaughan àti Gillenwater, tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi ajá ṣe. Wọ́n dí ọ̀nà ìtọ̀ kíndìnrín kan pátápátá, wọ́n sì ṣí i lẹ́yìn iye ọjọ́ tí ó yàtọ̀ síra. Èyí tí wọ́n ṣí lẹ́yìn ọjọ́ 7 gba agbára rẹ̀ padà. Èyí tí wọ́n ṣí lẹ́yìn ọjọ́ 14 gba nǹkan bí 70 padà nínú 100. Èyí tí ó dí fún ọ̀sẹ̀ 4 gba nǹkan bí 30. Èyí tí ó dí fún ọ̀sẹ̀ 6 kò rí nǹkan kan gbà padà.

Ènìyàn kì í ṣe ajá, ìdènà tí ó ń mú ènìyàn kì í sì í sábà jẹ́ pátápátá láti ìbẹ̀rẹ̀. A ti rí àwọn tí wọ́n gba agbára díẹ̀ padà lẹ́yìn ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò ṣeé jiyàn: kíndìnrín ni ó ń san gbèsè gbogbo ọjọ́ tí a fi ìtìjú pamọ́. Lẹ́yìn tí ọ̀nà bá là, ọ̀sẹ̀ kìíní sí èkejì ni àtúnṣe tí ó pọ̀ jù máa ń hàn. Ẹni tí àtúnṣe rẹ̀ kò bá tó lè nílò ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá sì dára gbọ́dọ̀ máa padà lọ fún àyẹ̀wò, nítorí pé ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ohun tí ó fa ìdènà ṣì wà níbẹ̀. Rọ́bà kò wo pírósítéètì sàn, oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ ni yóò ṣe ìyẹn.

Ẹ̀RÙ TÍ KÒ TÍÌ YẸ KÍ A DÌ

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbé bàbá wọ ọkọ̀ ní òwúrọ̀ ọ̀la. Ọ̀nà láti Abidjan dé Èkó lé ní 1,000 kìlómítà. Ibodè mẹ́rin ni ó wà lórí rẹ̀: wọn yóò kọjá ní Elubo wọ Gánà, ní Aflao wọ Tógò, ní Hilla-Condji wọ Benin, àti ní Sèmè wọ Nàìjíríà, kí wọ́n tó máa bá ọ̀nà Èjìgbò lọ. Ta ni yóò wọn ìtọ̀ ní wákàtí wákàtí lórí ìjókòó ọkọ̀? Ta ni yóò gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò ní ibodè? Àgbàlagbà tí ó wà nínú ọkọ̀ a máa yẹra fún omi kí ó má baà dá àwọn èrò dúró. Ìyẹn ni pé ní wákàtí tí kíndìnrín bàbá ń da omi nù gan-an ni yóò dẹ́kun mímu. Bí òòyì bá kọ́ ọ ní Aflao, àwọn èrò yóò ní àárẹ̀ ìrìn àjò ni.

Ilé ìwòsàn yunifásítì wà ní Treichville, ní Cocody àti ní Angré. Ẹ jẹ́ kí bàbá lo ọjọ́ tí dókítà bá dá fún un. Nígbà tí ìtọ̀ rẹ̀ bá ti padà sí ìwọ̀n tí ó yẹ, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti gún, tí dókítà sì fọwọ́ sí i, a lè wá máa sọ̀rọ̀ ọkọ̀. Èjìgbò kò ní sá lọ.

Nǹkan mìíràn tún wà. Bàbá gbọ́ èdè Jùlá, ó sì gbọ́ Faransé tí a fi ń nájà, ṣùgbọ́n Faransé tí dókítà fi ń sọ̀rọ̀ kíndìnrín lè yàtọ̀ sí ti ọjà. Kí ẹbí yan ẹni kan tí ó gbọ́ èdè náà dáadáa láti wà lẹ́bàá ibùsùn, kí ó sì máa béèrè nǹkan mẹ́ta lójoojúmọ́: Ìtọ̀ tí bàbá tọ̀ láti àná tó lítà mélòó? Omi tí ó yẹ kí ó mu tó mélòó? Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti òní ha sàn ju ti àná lọ? Bí wọ́n bá sì dá a sílẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà lára, kí wọ́n mọ ohun tí yóò mú wọn sáré padà: ibà, ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ìtọ̀, rọ́bà tí kò kán mọ́, òùngbẹ tí kò dáwọ́ dúró, tàbí òòyì.

A sì ń bẹ àwọn bàbá wa tí wọn kò tíì dé ibi tí bàbá yìí dé. Ẹni tí ó ń dìde léraléra lóru, tí ìtọ̀ rẹ̀ ń kán, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ tí yóò dí. Àgbo tí ń múni tọ̀ kò lè ṣí ilẹ̀kùn tí ó ti tì. Ńṣe ni yóò máa da omi kún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Oògùn ìrora bí ibuprofen àti diclofenac, tí à ń rà lọ́jà láìbéèrè, lè pa kún ìpalára kíndìnrín tí ó ti rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin olùkọ́ ni a fẹ́ kásẹ̀ ọ̀rọ̀ wa nílẹ̀ sí. Àwa tí a kàwé ní òkè òkun mọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà kíndìnrín ní èdè òyìnbó, a sì fi yege nínú ìdánwò, kí a tó mọ bí a ó ṣe ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún ìyá tí ó bí wa. Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire jọ gba òmìnira ní ọdún 1960, ojú wa sì ti rí i pé ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí kọ́ ni iṣẹ́ parí. Ọjọ́ náà ni ìṣọ́ bẹ̀rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ó wà lómìnira gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí ó wà nínú ara ọmọ rẹ̀ fún un ní èdè rẹ̀. Ẹ mú aṣọ asẹ́ ògì wọ inú kíláàsì. Ẹ da omi sí i. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i bí ìkòkò ṣe ń kún, bí omi ṣe ń dá padà, kí wọ́n sì lọ sọ ọ́ nílé.

Àwọn àgbà ní bí omi bá dànù tí agbè kò bá fọ́, a ó tún omi mìíràn pọn. Ìtọ̀ tí ń dà jáde lára bàbá ní ọjọ́ tí ọ̀nà là, omi ni. Ẹ̀mí rẹ̀ ni agbè. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ agbè náà títí di ìgbà tí yóò ṣeé gbé rìn.